Ẹ Má Tíì Bò Ó: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Yàrà Omi

Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ níwájú ilé mi ní Ìkọ̀tún máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní iṣẹ́ omi ni, wọ́n á rò pé mo ta omi. Bí mo bá ní iṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi, wọ́n á máa rò ó pé ọwọ́ yìí kò jọ ọwọ́ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì. Òótọ́ ni wọ́n rò. N kò ní tábìlì rí. Inú yàrà ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, síbẹ̀ n kò fi ọwọ́ ara mi ri páìpù kan mọ́lẹ̀ rí.

Iṣẹ́ tiwa nìyí: bí àwọn kọngílá ńlá bá gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n to páìpù omi mímu tàbí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, àwa la máa wá wò ó kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí ó bá dára, a ó ní kí wọ́n bò ó. Bí kò bá dára, a ó ní kí wọ́n tú u. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wa ni "Ẹ má tíì bò ó," ìdí nìyẹn tí àwọn lébìrà fi sọ wá ní Má-bò-ó.

Iṣẹ́ tó ń sú ènìyàn ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé oyin ni mo fẹ́ fún un lá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa kí òun kú iṣẹ́, kó lọ máa dín àkàrà. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ bínú sí ọ pé o dá òun dúró. Ẹni tó ń retí omi bínú sí ọ pé omi pẹ́. Bí omi náà bá wá dé, tó mọ́, tó dùn, kò sí ẹni tó máa rántí pé ẹnì kan wà tó wo inú ilẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bíríkìlà ni bàbá mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, agbára wọn kò sì kọjá ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló mú mi lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ iṣẹ́ àwọn kọngílá ní agbègbè wa. Ẹni tó lè ka nọ́ńbà lára ọ̀pá ìwọ̀n ni wọ́n ń wá, tí kò sì ní máa rojọ́. Àìrojọ́ yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà mí. Ojú máa ń tì mí nígbà náà débi pé bí ènìyàn bá pe orúkọ mi láàárín èrò, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Owó oṣù wa kò ṣe é sọ fún ọmọ ènìyàn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ni Bàbá Kọ́láwọlé, tí gbogbo ènìyàn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándó mọ̀ sí Bàbá Dígí. Dígí kan wà lápò wọn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣán, òun ni wọ́n fi ń wo inú páìpù ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n á ní kí n di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́nu páìpù lápá kan, àwọn á gbé dígí sẹ́nu kejì. Bí páìpù bá tọ́, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì á yọ nínú dígí, roboto, bí òṣùpá tó kún. Bí páìpù bá wọ́, tàbí tó rì níbì kan, òṣùpá á di ìlàjì. Bí ó bá burú jù, á tín-ín-rín bí èékánná tí a gé sílẹ̀.

"Èékánná ni," Bàbá á wí, wọ́n á sì ti dígí bọ àpò. "Ẹ tú u."

Kọngílá lè bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá ti ń wá ibi tí wọ́n á ti fọ ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dígí ló le jù lára ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá kì í gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí yàrà. Ọ̀rọ̀ náà ni "wọ́n". Bí lébìrà bá sọ pé, "Wọ́n ti dè é, sà," Bàbá á ní, "Ta ni wọ́n?" Bí dírẹ́bà bá ní, "Wọ́n ní kí a máa bọ̀," Bàbá á ní, "Wọ́n lórúkọ?" Mo kọ́kọ́ rò pé ìkanra àgbà ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Nínú èdè wa, ogún ènìyàn ni "wọ́n". Àgbàlagbà kan ṣoṣo náà ni "wọ́n", nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í pe àgbà ní "ó". Nígbà mìíràn, "wọ́n" kì í ṣe ẹnì kankan rárá. Wọ́n ti gbálẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ. Ta ló gbálẹ̀, ta ló gbé e, Ọlọ́run ló mọ̀. Èmi náà tí mò ń kọ ìtàn yìí, "wọ́n" ni mò ń pe ọ̀gá mi, n kò sì lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Nítorí náà ni Bàbá ṣe ní òfin kan. Ẹni tó bá yẹ yàrà wò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó tó jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀ sókè kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. "Èmi Kọ́láwọlé, mo rí i. Ẹ bò ó." Àyàfi bí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn, ṣọ́bìrì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ wá wo èmi tí ojú ń tì láti sọ orúkọ mi fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ fún mi ní dígí, ẹ̀bá ọ̀nà Shasha la wà. Àwọn lébìrà tò sí etí yàrà. Fọ́máànù wọn, Ràṣídì, ọmọ Ìbàdàn, ló jókòó sórí páìpù tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo wò ó, mo rí òṣùpá tó kún.

"Sìkírá, kí lo rí?" Bàbá bi mí láti òkè.

"Ó dáa, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dáa. Kí lo rí?"

"Òṣùpá, sà."

"Ta ló rí i?"

Mo sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́, nítorí ètè mi mì.

Ràṣídì da èèpo ẹ̀pà nù. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, kí ìyá ẹ̀ wá sọ fún wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní kí awakọ̀ katapílà pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wá àga, wọ́n jókòó. Oòrùn mú. Àwọn lébìrà tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo sunkún díẹ̀, mo fi gèlè nu ojú. Nígbà tó wá sú mi pátápátá, ìbínú lé ìtìjú lọ, mo fi gbogbo ohùn mi ké e: "Èmi Sìkírátù, mo rí i!"

Obìnrin kan tó ń tú ẹ̀wà sínú àpò ní òdìkejì ọ̀nà gbé orí sókè. "Kí lo rí? Èmi náà ni Sìkírátù."

Láti ọjọ́ náà ni Ràṣídì kì í ti í rí mi kó má pè mí ní "Sìkírá méjì". N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kí n tó dé ibi tó dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí. Nígbà tí mo dé, páìpù omi tó pọ̀ jù jẹ́ onírin tàbí èyí tó dà bíi sìmẹ́ǹtì, tó wúwo, tó sì ń fọ́ bí àwo. Lẹ́yìn náà ni onírọ́bà gba ìlú. Ọmọdé lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sínú oòrùn, á ká kò bí ejò, wọ́n á wá fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wéré kí á tó dé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù omi ń jò, a ó fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ti omi kún inú rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn agbára omi á fi gòkè, a ó wá jókòó tì í láti wò ó bóyá abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ènìyàn kọngílá á gbé àga wá, wọ́n á máa bi mí léèrè ará ilé mi kí ojú mi lè kúrò lára abẹ́rẹ́. N kì í dáhùn. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé tó ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa gba inú páìpù, dígí Bàbá sì di ohun ìṣeré. N kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ á sọ fún ọ pé páìpù wọ́. Kò ní sọ fún ọ pé ta ni kò wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹ́sítéètì ni mo fẹ́ bọ́ sí wàyí.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà. Ìjọba ń kọ́ ilé púpọ̀ sórí ilẹ̀ gbọọrọ kan láàárín Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin àti Ìgándó. Ilé gbogbo ló máa ní ẹ̀rọ omi, ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ló sì máa gba inú páìpù kan lọ sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀. Páìpù omi mímu ń bọ̀ láti apá Ìdímù. Ibì kan wà tí páìpù méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gba orí ara wọn kọjá. Òfin ibẹ̀ kò le: páìpù omi á wà lókè, páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ á wà nísàlẹ̀, àlàfo á sì wà láàárín wọn. Ọmọdé lè ronú ìdí rẹ̀. Páìpù tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ló ń jò sí. Nǹkan mìíràn tún wà tí ará ìlú kò mọ̀: nígbà tí omi bá lọ, tí páìpù ṣófo, páìpù náà á máa fa ohun tó wà láyìíká rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Omi wa sì ń lọ lójoojúmọ́.

Ràṣídì ni fọ́máànù ibẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé ibi ìkọjá yìí, èmi àti Bàbá wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, à ń ṣọ́ abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ le ju bí wọ́n ti rò lọ. Katapílà kò lè jinlẹ̀ tó, òjò sì ń ṣú. Bí òjò bá rọ̀ sínú yàrà tí kò tíì ní iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya lulẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á di ẹrẹ̀. Wọ́n gbé páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ gba orí páìpù omi kọjá, wọ́n sì bò ó.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà ọ́fíìsì wa gba ibẹ̀ kọjá nínú mọ́tò. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yí gíláàsì sísàlẹ̀. "Ràṣídì, ṣé wọ́n ti yẹ ibi ìkọjá yẹn wò?"

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Ó dáa." Ó yí gíláàsì padà sókè, ó lọ.

Àwọn ènìyàn kó wọ ilé wọn. Omi dé, wọ́n dúpẹ́. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní oògùn tí ìjọba dà sí i ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, àwọn àgbà náà wá dara pọ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n mo rí ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ bí ẹni gbé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi náà pa. Wọ́n gbẹ́ ibi ìkọjá, gbogbo wa sì fi ojú rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ọ́fíìsì bi Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ní, "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò." Ta ni wọ́n ń pè ní "wọ́n" ní ọ́fíìsì wa? Bàbá Dígí ni. Kò sí àgbà mìíràn tó ń wọ yàrà ní agbègbè yẹn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí ọ̀gá àgbà ní Ìkejà nìyẹn pé Bàbá Kọ́láwọlé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní ó dára. Wọ́n ní kí Bàbá lọ jókòó sílé títí ìwádìí á fi parí. Ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n á lé wọn lọ́wọ́ òfo, àti pé orúkọ tí wọ́n ti ń ké lórí yàrà láti ìgbà èwe wọn á di orúkọ ẹni tó fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìgbọ̀nsẹ̀ mu.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà wá ṣe ìpàdé, inú ilé onípákó tí fọ́máànù ń lò lórí iṣẹ́ la ti ṣe é. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, dígí wọn wà lápò. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ràṣídì," ọ̀gá àgbà wí, "ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n ló sọ fún mi, sà."

Bàbá pa ojú dé.

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi."

Wọ́n pe àwọn lébìrà. Wọ́n ní àwọn kọ́, awakọ̀ katapílà ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Wọ́n pe awakọ̀.

"Mo rí wọn, sà," awakọ̀ wí. "Bàbá wá. Wọ́n dúró sétí yàrà, wọ́n wò ó síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó dáa. Mo wá sọ fún wọn pé Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Gbogbo wa yíjú sí Bàbá.

"Èmi?" Bàbá wí.

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Bàbá mìíràn ni. Àwọn tó dé fìlà, tó mú ọ̀pá dání."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Bàbá tó dé fìlà yìí, àgbà ìdílé onílẹ̀ ni, ilé wọn wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ níbẹ̀. A ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n dé pẹ̀lú sùúrù, wọ́n kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ìlera ọ̀gá àgbà, wọ́n jókòó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ yẹ yàrà yẹn wò ní ọjọ́ tí òjò ṣú?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ rí, sà?"

"Ilẹ̀ wa ni mò ń wò, bóyá wọ́n ti kọjá ààlà. Wọn ò kọjá. Mo ní ó dáa."

"Páìpù ńkọ́, sà?"

"Páìpù wo?"

Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun, pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn Bàbá Dígí, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la kí wọ́n wá yẹ yàrà tuntun wò, kí wọ́n gbà á. Mo rò pé ó ti tán. Ẹnu mi ti ń lọ sí "Alhamdulilai" nígbà tí Bàbá dìde.

"Bàbá yìí wo ilẹ̀ wọn," wọ́n wí. "Ìyẹn kì í bo yàrà. Ta ló ní kí wọ́n bò ó?"

Ràṣídì ń wo bàtà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó tán," Ẹnjiníà wí.

"Kò lè tán nígbà tí kò sí ẹni tó ṣe é. Bí mo bá wọ yàrà náà lọ́la, ohun tí wọ́n á máa sọ ni pé Bàbá bà á jẹ́, Bàbá tún un ṣe. Ọjọ́ tí ẹni tó ní kí wọ́n bò ó bá dárúkọ ara rẹ̀, mo máa wá."

Wọ́n gba ilé wọn ní Ìdímù lọ.

Ọ̀rọ̀ wá sú mi. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe: ẹni tí a ṣẹ̀ la máa ń bẹ̀. Ọ́fíìsì ránṣẹ́ bẹ Bàbá. Kọngílá ránṣẹ́ bẹ Bàbá. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wọn bẹ̀ wọ́n, alágbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ojúlé kejì bẹ̀ wọ́n. Kò sí ẹnì kan tó lọ bẹ Ràṣídì pé kó la ẹnu. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ọ̀gá mìíràn tí wọ́n ní kó wá gba yàrà náà ní òun ò lè fi ọwọ́ kan ohun tó ti rùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Yàrà wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ omi wà ní títì, àwọn ará ẹ́sítéètì ń tò sẹ́yìn tanka bí ẹni tí ogun lé.

Èmi tí ń gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń rí. Ìyá Bọ̀sẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun padà, gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó pè mí.

"Má-bò-ó, ṣé ẹ ò ní bo eléyìí ni? Àbí títí ọmọ mi á fi já sínú ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ fọ ìdí ọmọ ni."

Mo lọ bá Bàbá nílé. "Bàbá, ẹ dákun. Ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ti ní ẹ jàre, sà."

"Ta ló jẹ̀bi?"

Mo bínú sí wọn. N kò lè sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mo bínú gan-an. Òótọ́ lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kó sì tún máa yọ ará ìlú lẹ́nu.

Ọ̀dọ̀ Ràṣídì ni mo wá gbà lọ. N kò ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo kàn débẹ̀ láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó sórí páìpù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Sìkírá méjì, ṣé ìwọ àti ìkejì ẹ lẹ jọ wá?"

Mo tún lọ. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kí lo fẹ́ gan-an, àbúrò?"

"Kí ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá."

"Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ sọ ẹni tó ní kí wọ́n bò ó."

"O mọ̀ ọ́n, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ó ju òkúta kékeré kan sínú yàrà. "Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ. Ìwọ ò lè bá mi bọ́ wọn."

N kò lè bá a bọ́ wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo dìde, mo lọ, n kò sì padà débẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nítorí ojú tì mí pé mo fẹ́ fi oúnjẹ ọlọ́mọ parí ọ̀rọ̀ tiwa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ó dé ilé Bàbá fúnra rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń gún ata fún ìyàwó wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde kí wọ́n tó ní kó dìde.

"Bàbá, èmi Ràṣídì ni. Òjò ń bọ̀, ilẹ̀ le, mo ní kí wọ́n gbé e gba òkè, mo sì ní kí wọ́n bò ó. Mi ò rí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnjiníà bi mí, mo ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"O ṣé," Bàbá wí. "Sìkírá, wá oúnjẹ fún un."

Ní ọjọ́ Ajé, Ràṣídì tún un sọ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kọngílá lé e lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹnjiníà tó bi í léèrè láti inú mọ́tò, wọ́n gbé e ga lọ sí Ìkejà lọ́dún náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn, kó má baà bá yín lójijì.

Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Fọ́máànù tuntun ti tún ibi ìkọjá ṣe: wọ́n ti fọ́ ilẹ̀ líle náà, páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ketekete, páìpù omi wà lókè. Àwọn ọ̀gá kọngílá wá, àwọn obìnrin ẹ́sítéètì wá pẹ̀lú korobá, bí ẹni pé omi á tú jáde láti inú yàrà gan-an. Bàbá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Òṣùpá kún. Wọ́n fi ọ̀pá wọn àlàfo, wọ́n fi ọwọ́ pa gbogbo oríkèé páìpù. Wọ́n gòkè, wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Yàrà yìí dára," wọ́n wí. "N kò gbà á."

Ọ̀gá kọngílá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Kí ló kù, Bàbá?"

"Ràṣídì ló kù."

"Ràṣídì? Ṣé òun kọ́ ló bà á jẹ́ ni?"

"Òun ni. Ìdí ẹ̀ tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni mo mọ ohun tó ṣe."

Wọ́n jà, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi ẹjọ́ Bàbá sùn. Ìyá Bọ̀sẹ̀ bú gbogbo wa pátá, ó bú Bàbá, ó bú kọngílá, ó bú èmi tí n kò sọ̀rọ̀. Bàbá wá àga, wọ́n jókòó. Mo ti mọ ìjókòó yẹn láti Shasha. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ara mi ń gbóná fún ìbínú, n kò sì dìde.

Wọ́n rán mọ́tò lọ mú Ràṣídì wá láti Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tó ti ń bá wọn ru sìmẹ́ǹtì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ funfun fún eruku, kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá kọngílá sọ fún un níwájú gbogbo wa pé iṣẹ́ rẹ̀ ti padà di tirẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó kọjú sí Bàbá.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí wọ́n dá mi padà. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín gan-an, Bàbá?"

"Èmi Kọ́láwọlé, mo rí i," Bàbá wí sókè. "Mú ṣọ́bìrì, kí o bò ó."

Ó mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bo yàrà náà fúnra rẹ̀, ó ń kùn, iyẹ̀pẹ̀ ń dún lórí páìpù, àwọn obìnrin ti sún mọ́ etí yàrà pẹ̀lú korobá wọn.